Bí Igi Ṣe Ń Mú Ìlú Tutù, àti Ohun Tó Nílò Lábẹ́ Títì

Ọ̀dà títì, kọnkéré àti òrùlé máa ń gba oòrùn sára látàárọ̀, wọn á sì máa tú ooru rẹ̀ jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ilẹ̀ á tún fi mọ́. Ìdí nìyẹn tí àárín ìlú fi ń móoru ju ìgbèríko tó yí i ká lọ, pàápàá lálẹ́. Ọ̀nà méjì ni igi ń gbà bá ooru yìí jà. Àkọ́kọ́ ni ìbòòji: oòrùn tí ewé bá gbà kò ní dé orí títì, títì kò sì ní rí ooru púpọ̀ tọ́jú di alẹ́.

Ìkejì ni omi. Gbòǹgbò ń fa omi láti inú ilẹ̀, omi náà ń gba inú igi gòkè, ó sì ń gba àwọn ihò tíntìntín ara ewé jáde. Kí lítà omi kan tó lè di oru, ó ní láti gba agbára tó tó kilowatt-hour 0.68 lọ́wọ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀. Igi ńlá tó ń rí omi mu dáadáa lè lo 100 lítà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ìyẹn kilowatt-hour 68. Ṣùgbọ́n àfi tó bá ń rí omi mu. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, igi á pa ihò ewé rẹ̀ dé kó má baà kú, ìbòòji nìkan lá sì kù.

Ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò igi gbígbìn ti ń bàjẹ́. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò igi kì í jìn ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tàn kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Gbòǹgbò ń mí. Ilẹ̀ tí katakata ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé kò ní àlàfo fún afẹ́fẹ́ mọ́, omi kò sì lè rin inú rẹ̀. Igi tó máa di ńlá ń fẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ tó tó ọgbọ̀n mítà kúbíìkì (cubic metre); ihò tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan kò fún un ju ẹyọ kan lọ. Irú igi bẹ́ẹ̀ á ṣe dáadáa fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà á dúró sójú kan, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Tí gbòǹgbò bá sì ń gbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sókè, abẹ́ ibẹ̀ nìkan ló ti rí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́.

Ìlú Stockholm ní Sweden ní ọ̀nà àbáyọ tó dára gan-an. Wọ́n ń da òkúta tó fẹ̀ ní 100 sí 150 mìlímítà sábẹ́ ọ̀nà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á wá fi omi fọ erùpẹ̀ wọ àárín òkúta náà. Òkúta ló ń gbé ẹrù ọkọ̀, gbòǹgbò sì ń gba àlàfo kọjá. Omi òjò láti orí òrùlé àti títì ń wọ ibẹ̀, kò lọ tààrà sínú gọ́tà. Igi ń mu, àgbàrá sì ń dínkù.

Ní ti gbígbìn, kí ihò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìṣù erùpẹ̀ ìdí igi, kó má sì jìn jù ú lọ. Ibi tí ìdí igi ti ń fẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀. Gbòǹgbò tó ti lọ́ yípo nínú ọ̀rá gbọ́dọ̀ di gígé tàbí títú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fún igi náà lọ́rùn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Èèpo igi wẹ́wẹ́ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 á jẹ́ kí ilẹ̀ tutù, àmọ́ kó má kan ara igi. Lẹ́yìn èyí ló kan omi bíbu fún ọdún méjì sí mẹ́ta, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìnáwó.

Irú igi kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Ní 1990, Frank Santamour, onímọ̀ nípa igi ní Amẹ́ríkà, dábàá pé kí ẹ̀yà kan (species) má ju 10 nínú 100 igi ìlú lọ, ìran kan (genus, àkójọ ẹ̀yà tó sún mọ́ra) 20, ìdílé kan (family, àkójọ ìran) 30. Nígbà tí àìsàn ti pa igi elm, ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ fi igi ash rọ́pò rẹ̀. Wọ́n wá rí kòkòrò emerald ash borer ní Michigan ní 2002, ó sì ti pa igi ash ní ọ̀nà mílíọ̀nù mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ibi tí igi wà tún ṣe pàtàkì: ní títì tóóró tí ilé gíga há mọ́, ewé tó dì pọ̀ lè sé èéfín ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ewéko kúkúrú tí wọ́n gbìn bí ògiri láàárín ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ sàn níbẹ̀.

Láti wọn bí igi ìlú ṣe tó, Cecil Konijnendijk, onímọ̀ nípa igi ìlú, gbé òfin 3-30-300 kalẹ̀ ní 2021: igi mẹ́ta tí ojú lè rí láti ilé kọ̀ọ̀kan, ìbòòji tó bo 30 nínú 100 ilẹ̀ àdúgbò, àti ọgbà ìtura tí kò jìnnà ju 300 mítà lọ sílé. 30 yẹn ló ṣòro jù, nítorí iye igi tí wọ́n gbìn kọ́ ló ń kà á. Igi tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 12 ń bo ilẹ̀ tó tó 113 mítà onígun mẹ́rin. Ọ̀dọ́ igi tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan kò bo tó ẹyọ kan. Bí wọ́n bá gé ti ńlá náà lónìí, 144 irú ọ̀dọ́ igi bẹ́ẹ̀ ló máa dí àlàfo rẹ̀.