Bí Ọ̀nà Ìsọdá Kan Ṣe Ń Dé Ojú Títì ní Peckham

Àwọ̀ ìlà tó wà létí títì ni èèyàn kọ́kọ́ ń wò. Ní London, bí ìlà náà bá pupa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé TfL ló ni títì ọ̀hún, ìyẹn àjọ ìrìnnà tó wà lábẹ́ Méyọ̀ ìlú. Bí kò bá sí ìlà, tàbí tí ìlà náà bá jẹ́ yẹ́lò, káńsù àdúgbò ló sábà máa ń ni ín. Old Kent Road jẹ́ ti TfL. Rye Lane ní Peckham, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń ra iṣu àti pọ̀ǹmọ́, ti káńsù Southwark ni, ìyẹn káńsù tó ń ṣàkóso Peckham. Títì TfL kò ju nǹkan bí 5 lọ nínú 100 títì London, ṣùgbọ́n nǹkan bí 30 nínú 100 ọkọ̀ ìlú náà ló ń gba orí wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ya ọ̀nà ìsọdá zebra, onílà dúdú àti funfun, sí iwájú ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ onítítì. Lẹ́tà tó bá ṣi ilé yà kì í sọnù o. Wọ́n á máa tì í láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn, oṣù mẹ́ta á sì ti lọ.

Bí títì bá jẹ́ ti káńsù, kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní Southwark ní kánsílọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò yàn wọ́n, wọ́n sì máa ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ láti fi rí ará àdúgbò lójúkojú. Àwọn kọ́ ló ń fọwọ́ sí iṣẹ́ títì. Ẹni tí ètò ìrìnnà wà níkàáwọ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso káńsù ló ń fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí àwọn ẹnjiníà bá ti kọ ìròyìn wọn. Ohun tí kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù lè ṣe ni kó mú kí ẹnjiníà jáde wá wo ibẹ̀, ohun kékeré sì kọ́ nìyẹn. Ẹnìkan tó kọ lẹ́tà 40 kò lè tó ilé 40 tó kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí wọ́n da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, tí oníkálùkù kàn buwọ́ lù, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì máa ń kà á sí ẹyọ kan. Kí ìyá kan sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀, kí bàbá arúgbó sọ tirẹ̀, kí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ náà sọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn lẹ́tà ló kan kíkà. Ìlànà àtijọ́ kan wà tí àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní PV². P ni iye ẹlẹ́sẹ̀ tó sọdá láàárín wákàtí kan, láti 50 mítà sí apá ọ̀tún dé 50 mítà sí apá òsì ibi tí wọ́n ń wò. V ni iye ọkọ̀ tó kọjá ní wákàtí yẹn. Wákàtí mẹ́rin tí èrò pọ̀ jù lọ ni wọ́n ń kà, wọ́n á ro wọ́n pọ̀, wọ́n á pín in sọ́nà mẹ́rin. Wọ́n á wá fi V sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á tún fi P sọ ọ́ di púpọ̀. Bí èsì bá tó 100,000,000, ibẹ̀ tó ohun tí à ń ya ọ̀nà ìsọdá sí. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá jẹ́ 100, tí ọkọ̀ jẹ́ 1,000, ó pé géérégé. Bí ọkọ̀ bá dín sí 700, ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ lé ní 200 kó tó pé.

Àléébù ìṣirò yìí hàn kedere: títì tó bani lẹ́rù jù lọ lè gba máàkì tó kéré jù lọ. Ìyá àgbà tó ń bẹ̀rù ọkọ̀ kì í sọdá níbẹ̀ rárá. Á rìn yípo lọ ibi tí iná wà, tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì fún ibùdókọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò sọdá kò sí nínú P. Ọ̀pọ̀ káńsù ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í fi PV² nìkan pinnu mọ́. Wọ́n ń wo eré ọkọ̀, ilé ìwé tó wà nítòsí, ọjọ́ orí àwọn tó ń sọdá àti ìjàǹbá tó ti ṣẹlẹ̀. Ìdí rèé tó fi dára kí ẹgbẹ́ àdúgbò ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Èèyàn méjì á dúró lápá kọ̀ọ̀kan títì, wọ́n á máa kọ iye sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á ya ọmọdé, àgbàlagbà, kẹ̀kẹ́ ọmọ àti àga oníkẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀. Kí wọ́n tún kọ iye ẹni tó dúró títí, tó sú u, tó padà sẹ́yìn. Òǹkà ìkẹyìn yìí kì í sí nínú ìwé ẹnjiníà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kà náà ṣe pàtàkì. Láàárín ọ̀sẹ̀, Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, làwọn ẹnjiníà sábà máa ń ka ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀, nítorí pé ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ìrìnnà kì í yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ní àyíká Old Kent Road, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àwa ọmọ Áfíríkà ti kún fọ́fọ́, òǹkà ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò lè rí ìjọ tó ń tú jáde ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Jímọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni níbi tí mọ́ṣáláṣí bá wà.

Ní ti ìjàǹbá, àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ni káńsù ń lò, kìkì ibi tí ẹnìkan bá ti fara pa ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ kọ lù, tó dìde, tó gbọn eruku, tó sọ pé ọpẹ́ ni fún Olúwa, tó gba ilé lọ, kò sí nínú ìwé. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ máa rọ àwọn èèyàn láti fi tó ọlọ́pàá létí kódà bí ojú ọgbẹ́ bá kéré. Bí wọ́n bá sì fura pé káńsù ti wọn eré ọkọ̀ ní títì náà rí, kí wọ́n fi òfin òmìnira ìwífún ti ọdún 2000 béèrè èsì rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni òfin fún káńsù láti dáhùn.

Ìbéèrè tó dára máa ń sọ àìsàn, á fi oògùn sílẹ̀ fún oníṣègùn. Bí ẹgbẹ́ bá takú pé zebra ní ibí yìí gan-an làwọn fẹ́, ẹnjiníà lè sọ pé ó sún mọ́ oríta jù, tàbí pé bọ́ọ̀sì tó bá dúró á dí awakọ̀ lójú, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn ọmọ kò lè sọdá lọ sílé ìwé láìséwu, ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ni yóò wá ojútùú: kó fún títì pọ, kó kọ́ erékùṣù kékeré tí ẹlẹ́sẹ̀ lè dúró lé sáàárín títì, kó da bọ́ńpù síbẹ̀. Zebra gan-an ní ìlà kọ́lọkọ̀lọ tí ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ sí. Ààyè ìgúnlẹ̀ tó bá bá a lọ yìí ni ìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìsọdá oníná ni, ìṣirò mìíràn wà. Mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìrìn ẹlẹ́sẹ̀. Títì tó fẹ̀ ní mítà 12 á gba ìṣẹ́jú àáyá 10. Àgbàlagbà tó ń rin mítà 0.8 nílò 15. Ẹni tó bá gbé aago dání, tó wọn ìrìn àwọn arúgbó níbẹ̀, ní ẹ̀rí gidi láti bèèrè pé kí wọ́n fi kún àkókò iná, nítorí òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 fi dandan lé e pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba ro ti ọjọ́ orí àti àìlera mọ́ ìpinnu wọn. Iná kò sì sí lọ́wọ́ káńsù: TfL ló ń ṣàkóso gbogbo iná ojú títì London, kódà lórí títì tó jẹ́ ti káńsù.

Kí wọ́n tó ya zebra, káńsù gbọ́dọ̀ kéde fún aráàlú, kó sì sọ fún ọlọ́pàá. Títi títì pa, sísọ ọ́ di olójú kan tí ọkọ̀ lè gbà lọ ṣùgbọ́n tí kò lè gbà bọ̀, tàbí yíya ọ̀nà bọ́ọ̀sì nílò àṣẹ lábẹ́ òfin ìrìnnà ti ọdún 1984, ọjọ́ 21 sì ni aráàlú ní láti tako o. Oríṣi kejì ni àṣẹ ìdánwò. Òun ni kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn: káńsù á ṣe iṣẹ́ náà ná, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sì ni àkókò ìtakò, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àṣẹ ìdánwò náà kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 18 lọ. Ẹni tó bá dúró de ọdún kan kó tó sọ̀rọ̀ ti pẹ́, yálà ó fẹ́ ẹ tàbí kò fẹ́ ẹ.

Ọ̀nà ìdánwò yìí làwọn káńsù gbà ní 2020 nígbà Kòrónà, tí wọ́n yára ti àwọn títì inú àdúgbò fún ọkọ̀ tó kàn fẹ́ gbabẹ̀ kọjá. Wandsworth yọ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní Walthamstow, tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, àwọn alátakò gbé pósí gba ojú títì Orford Road ní 2015 pé ikú àdúgbò dé, síbẹ̀ títì náà ṣì wà bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Ẹjọ́ tó yẹ kí àwọn tó fẹ́ irú iṣẹ́ yìí àti àwọn tó ń takò ó kọ́gbọ́n nínú rẹ̀ ni ti West Dulwich. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ilé ẹjọ́ gíga sọ pé ètò tí káńsù Lambeth ṣe níbẹ̀ kò bófin mu, nítorí pé káńsù kò fi ìwé olójú-ewé 53 tí àwọn ará àdúgbò gbé wá rò kó tó pinnu. Kì í ṣe pé wọ́n pọ̀ ni wọ́n fi borí. Wọ́n fi ìwé lélẹ̀ lásìkò, ẹ̀rí sì wà pé wọ́n fi í lélẹ̀.

Ti ibi ìtọ́jú kẹ̀kẹ́ rọrùn jù. Àpótí onítìlẹ̀kùn tí wọ́n ń gbé sétí títì ń gba kẹ̀kẹ́ mẹ́fà nínú ààbọ̀ ààyè ọkọ̀ kan. Ibi tí orúkọ àwọn tó bèèrè bá ti pọ̀ ni káńsù ń gbé e sí, nítorí náà kí gbogbo ilé tó nílò rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ẹsitéètì ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ọ̀nà ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀ka ilé gbígbé, kì í ṣe ti ẹ̀ka títì.

Bọ́ọ̀sì kò sí lọ́wọ́ káńsù rárá. TfL ló ń pinnu ibi tí yóò gbà, ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń wà á. Ní 2022, TfL gbèrò láti pa ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì àárín ìlú rẹ́, 12 àti 78 tó ń gba Peckham sì wà lára wọn. Èsì tó wọlé lé ní 20,000, Méyọ̀ sì kéde ní oṣù Kọkànlá pé òun ti wá £25 mílíọ̀nù lọ́dún síbẹ̀; wọn kò sì pa bọ́ọ̀sì méjèèjì rẹ́ mọ́. Irú èsì tó ń wúlò níbẹ̀ ni èyí tó dárúkọ ìrìn àjò: ọkọ̀ tí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ń wọ̀, ibi tó ti ń pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn, iye ìṣẹ́jú tí yóò fi kún un. “Ẹ má pa bọ́ọ̀sì wa” nìkan kì í ṣe ìròyìn fún ẹni tó ń ṣètò ọ̀nà.

Nígbà míì, owó ọ̀nà ìsọdá máa ń wá láti ara ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́. Bí akọ́létà bá fẹ́ kọ́ fúláàtì, káńsù á lẹ ìkéde mọ́ òpó iná, aráàlú á sì ní ọjọ́ 21 láti dá sí i. Láti 10 ilé sókè ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ńlá, ọ̀sẹ̀ 13 sì ni òfin fi sílẹ̀ fún ìdáhùn káńsù. Iṣẹ́ kékeré, ọ̀sẹ̀ 8. Ohun tó wọ ìwọ̀n ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn, fèrèsé tó ń wo inú yàrá oníyàrá, ariwo, ọkọ̀, ibi ìsọdá àti iye ilé tí tálákà lè gbé. Pé iye ilé ẹni á wálẹ̀, tàbí pé ẹni kò ní rí òkèèrè mọ́, wọn kì í kà á kún. Lẹ́tà tó fara mọ́ ilé náà níyì bí ti alátakò, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, nítorí ẹni tí ilé ọ̀hún yóò wúlò fún kì í gbé ní títì yẹn, kò sì rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó.

Ìwé ètò ìlú London ti 2021 fi 35 nínú 100 ṣe òṣùwọ̀n ilé owó pọ́ọ́kú. Akọ́létà tó bá kúnjú rẹ̀ kì í sábà gbé ìwé ìṣirò owó rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò bá kúnjú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí ìwé náà han káńsù. Ó ṣe pàtàkì láti béèrè irú owó pọ́ọ́kú tó jẹ́, nítorí ilé tí rẹ́ǹtì rẹ̀ tó 80 nínú 100 ti ọjà náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iye tí rẹ́ǹtì rẹ̀ bá ti ilé káńsù mu nìkan ni ká béèrè. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé káńsù láti fi kọ́ 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí owó Méyọ̀ sì wà níbẹ̀, ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 sọ pé kí àwọn olùgbé dìbò ná. Ọmọ ọdún 16 lè dìbò bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àdéhùn ilé, tàbí bí orúkọ rẹ̀ bá ti wà fún ọdún kan ó kéré tán lórí ìwé àwọn tó ń dúró de ilé káńsù. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀.

Nínú àdéhùn tí akọ́létà bá káńsù ṣe kó tó gba àṣẹ, wọ́n lè kọ ọ́ pé kó sanwó zebra, kó fẹ ẹsẹ̀ títì, kó gbé àpótí kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Owó mìíràn tún wà tó ń san lórí ìwọ̀n ilé tó kọ́: 15 nínú 100 rẹ̀ wà fún àdúgbò, ó sì lè di 25 níbi tí àwọn èèyàn àdúgbò, ó kéré tán 21, bá ti dá àjọ àdúgbò sílẹ̀, tí ètò tí wọ́n kọ sì yege nínú ìbò. Owó àdéhùn sábà máa ń ní gbèdéke ọdún. Bí káńsù kò bá ná an títí gbèdéke fi kọjá, akọ́létà lè gbà á padà. Gbogbo káńsù gbọ́dọ̀ gbé àkọsílẹ̀ owó wọ̀nyí jáde kó tó di 31 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n sọ fún pé kò sówó ti ń wá orúkọ títì wọn.