Agbádá kì í gun rólà kósítà: bí òfin aṣọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, èyí tí àwọn ọmọ ìjọ ń pè ní Gálílì, ni ojú máa ń rí nǹkan lójú ọ̀nà Adó-Èkìtì sí Ìkògòsì. Bọ́ọ̀sì á kún fún ìdílé tó rán ankó: bàbá nínú agbádá, ìyá nínú ìró àti bùbá, gèlè tó ga bí òkè Olósùnta, àwọn ọmọ nínú ankárá kan náà. Aṣọ òde ni, òde náà ni wọ́n sì ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tàbí ọgbà tí ẹ̀rọ ń gbé ènìyàn yí nínú rẹ̀, ẹnìkan tó wọ aṣọ iṣẹ́ á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò lè wọ èyí débí." Ibẹ̀ ni gbólóhùn asọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí létí ẹni tó gbọ́ ọ, àfi bí ìgbà tí wọ́n bú aṣọ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bú aṣọ. Òfin aṣọ ọgbà ìgbafẹ́ jọ òfin ìwà, àmọ́ tí wọ́n bá tú u wò, ẹ̀rọ àti omi ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kan ìtìjú àti ọmọlúàbí. Díẹ̀ náà ló sì ń dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gun ọ̀kadà rí ti gbọ́ ọ: "Màmá, ẹ kó ìró yín jọ o!" Ọlọ́kadà mọ ohun tó ń sọ. Aṣọ tó bá kan ohun tó ń yí, ìbáà ṣe táyà tàbí ṣéènì, kì í já bọ́. Ṣe ló ń ká mọ́ ọn. Bí irin náà ṣe ń yí ni aṣọ ń kúrú, tó sì ń fa ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ́ra. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti pọ̀ jù. Bí gbajúgbajà oníjó ará Amẹ́ríkà nì, Isadora Duncan, ṣe kú nìyẹn ní ìlú Nice, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1927: ìborùn gígùn tó wé mọ́ ọrùn ló há sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Mọ́tò lásán ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń sáré lókè. Ìdí rèé tí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ nínú ọgbà ìgbafẹ́ fi ń ní kí ènìyàn tú ìborùn, kó ki etí híjáàbù bọ inú ẹ̀wù, kó di irun gígùn mọ́ra, kó bọ́ ṣéènì ọrùn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí obìnrin ṣí orí sílẹ̀. Kí aṣọ má fẹ́ lẹ́lẹ́ ni wọ́n ń wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni ti irin ìdènà. Rólà kósítà, ọkọ̀ orí irin tó ń sáré gòkè sọ̀ kalẹ̀, àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń da ènìyàn kodò ní irin tàbí bẹ́líìtì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ itan tàbí àyà ẹni tó jókòó. Ara ni irin náà gbọ́dọ̀ mú. Bí agbádá bá ká jọ sórí itan ní ìpele mẹ́rin márùn-ún, orí aṣọ ni irin á dúró, olùṣọ́ á fọwọ́ mì í, á rò pé ó ti mú dáadáa. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá gbéra tán ni aṣọ á tẹ̀, àlàfo á wá yọ láàárín irin àti ara, àlàfo tí ẹni tó tín-ín-rín lè gbà yọ́ jáde. Ti ìró tún yàtọ̀. Àwọn àga kan ní bẹ́líìtì tó gba àárín itan méjèèjì kọjá, ìró kò sì lè gba ìyẹn láì jẹ́ pé wọ́n ká a sókè dé ibi tí kò yẹ ká a dé lójú ọ̀pọ̀ èrò. Ṣòkòtò ló dáa, tàbí níkà tó dé orúnkún, tọkùnrin tobìnrin.

Fìlà, awò ojú àti sálúbàtà ní ẹjọ́ tiwọn. Àwọn rólà kósítà kan ń sáré ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ohun tó bá sì já bọ́ láti orí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa bọ̀ bí òkò kànnàkànnà. Ènìyàn wà nísàlẹ̀. Èyí tó tún burú ju òkò lọ ni ti ẹni tó ní òun ń lọ mú nǹkan òun. Ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2015, ọkùnrin kan fo ọgbà tí wọ́n fi yí ojú irin ẹ̀rọ ká láti lọ wá ohun tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bọ̀ gbá a pa. Nítorí náà, bí olùṣọ́ bá ní kí bàbá bọ́ fìlà kó tó jókòó, kì í ṣe àfojúdi.

Omi ni ọ̀rọ̀ aṣọ ti gbòòrò jù. Omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣàn lọ bí odò. Omi kan náà ni ẹ̀rọ ń fà, tó ń sẹ́, tó tún ń dá padà. Kiloríìnì tí wọ́n ń dà sí i ló ń pa kòkòrò àìsàn. Àmọ́ kiloríìnì kò mọ̀yàtọ̀ láàárín kòkòrò, òógùn, ìpara àti ìtọ̀: gbogbo wọn ló ń bá jà. Aṣọ tí ènìyàn wọ̀ láti Adó, tó fi jókòó sórí àga bọ́ọ̀sì, tó fi nu ọwọ́ lẹ́yìn iyán, bó bá wọ inú omi yẹn, orí ìdọ̀tí rẹ̀ ni kiloríìnì á ná agbára rẹ̀ sí, díẹ̀ ló máa kù fún kòkòrò. Òórùn líle tó ń ta ènìyàn nímú létí adágún, tí àwọn èèyàn ń sọ pé "kẹ́míkà ti pọ̀ jù", kiloríìnì tó ti pò pọ̀ mọ́ òógùn àti ìtọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun náà ló sì ń mú ojú pọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ wẹ̀ kó tó lọ wẹ̀, ọ̀rọ̀ tó máa ń pa àwọn àgbà lẹ́rìn-ín.

Òwú ni ọ̀tá adágún. Ó ń mu omi yó, ó ń wúwo, fọ́nrán rẹ̀ ń já sínú omi, á máa dí asẹ́. Ọmọ tó wọ jíìnsì wọ omi ń fa ẹrù lẹ́sẹ̀ láìmọ̀, kíá ni á rẹ̀ ẹ́. Àdìrẹ tuntun tó ṣì ń tú aró lè sọ ẹ̀gbẹ́ kan adágún di ìkòkò aláró. Tíṣáàtì funfun ló tún ń dójú ti ènìyàn jù: ẹni tó wọ̀ ọ́ nítorí ìtìjú á jáde nínú omi, á rí i pé kò sí ohun tí aṣọ náà bò mọ́. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù tàbí poliésítà tó ń fà rán kì í ṣe gbogbo èyí. Kì í mu omi púpọ̀, kì í tú aró bọ̀rọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara.

Níbi tí sílaìdì omi bá wà, síípù, bọ́tìnì irin àti àwọn ìṣó kékeré tó wà létí àpò jíìnsì di èèwọ̀. Inú sílaìdì ń dán bí abọ́ tánganran. Irin á fi ojú ilà sí i, ojú ilà náà á sì fa ẹ̀yìn ẹni tó tẹ̀lé e ya. Aṣọ tó wúwo tún lè mú kí ènìyàn há sí agbedeméjì, nígbà tí ẹlòmíràn ti ń yọ̀ bọ̀ lókè.

Kò sí èyí tó sọ nínú gbogbo ìdí wọ̀nyí pé kí ènìyàn ṣí ara sílẹ̀. Ní 2004, Aheda Zanetti, ará Ọsirélíà tí wọ́n bí ní Lẹ́bánọ́ọ̀nù, gbé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kan jáde tó bo ara láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní burkini. Irú aṣọ tí wọ́n fi ń rán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ yòókù ni, asẹ́ àti kiloríìnì kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú Grenoble ní Faransé fàyè gbà á nínú adágún ìlú lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso níbẹ̀ ní kí wọ́n dá òfin náà dúró. Ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ omi, ó ti di òṣèlú. Ní Èkìtì, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń bá ara wọn jẹun ọdún, ìbéèrè tó yẹ ẹnu ẹ̀ṣọ́ ni "Kí ni wọ́n fi rán an?" Bó ṣe gùn tó kò kàn án.

Omi tó ń ṣàn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ẹni tó kàn fẹ́ ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí, kó ki ìkejì bọ ìyẹn, kó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó tó. Níbi ìsun omi Arínta ní Ìpólé-Ìlórò, bàtà ló ń dájọ́: òkúta tí omi ń ta sí ń yọ̀, káńfáàsì tó ní eyín nísàlẹ̀ ló ń mú un. Ẹni tó bá wọ bàtà gogoro débẹ̀, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni á fi sọ̀ kalẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ó dáa kí kádígàn wà nínú báàgì. Òkè Èkìtì kò fi òtútù ṣeré.

Ó wá ku òfin tó kan ojú. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni ti àwọn ọgbà Disney, Disneyland tí wọ́n ṣí ní California lọ́dún 1955 àti Walt Disney World tí wọ́n ṣí ní Florida lọ́dún 1971. Níbẹ̀, ọmọ kékeré lè múra bí ọmọ ọba inú ìtàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan bojú, kò sì gbọ́dọ̀ wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ àyàfi níbi àwọn àkànṣe ayẹyẹ kan. Òyìnbó kan lè máa wo ìyẹn bí òfin tó le jù. Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn: gbogbo ènìyàn kọ́ ló lè da ẹ̀kú bora. Ọmọdé tó rí ẹ̀kú, ará ọ̀run ló rí. Kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá wọ aṣọ ọmọ ọba wọnú ọgbà yẹn, àwọn ọmọ á sáré bá a, á bá wọn ya fọ́tò, ohun tó bá sì ṣe, ọgbà ni wọn á dá lẹ́bi. Ìbòjú tún ń pa ojú mọ́ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Disney kò tún fàyè gba aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀, èyí tó lè gbé oníǹkan ṣubú láàárín èrò. Nílé níbí, òfin Nàìjíríà ti fi ọ̀kan kún un: ará ìlú kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ológun, ọgbà ìgbafẹ́ kò sì yọ sílẹ̀ nínú ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọgbà kì í gba ẹ̀wù tí wọ́n kọ èébú tàbí ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ sí lára. Six Flags, ilé iṣẹ́ tó ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ sọ pé kí ènìyàn má rò pé òun lè yí i sódì kí òun wọlé. Ní Èkìtì, òkìrìkà ló ń kó àwọn èèyàn sí ìyẹn. Ìyá àgbà tó ra tíṣáàtì lọ́jà nítorí pé ó nípọn tó sì mọ́, kò mọ̀ pé ohun tó wà láyà òun ni èébú tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ lójú rẹ̀. Kí ẹni tó gbọ́ èdè Òyìnbó nínú ilé wo àyà àti ẹ̀yìn aṣọ kí ọkọ̀ tó gbéra.

"Aṣọ tó ṣí ara jù" ni oríkèé òfin tó rọ jù. Wọn kì í sábà fi ìwọ̀n sí i. Ojú ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni ìwọ̀n. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ lè fi òye lò ó. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọbìnrin méjì lè wọ níkà kan náà, kí wọ́n jẹ́ kí èyí tó tín-ín-rín kọjá, kí wọ́n dá èyí tó lára dúró. Ara rẹ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ nígbà yẹn, wọ́n kàn ń fi aṣọ pè é ni. Ọgbà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ òfin náà sórí pátákó níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí owó tó kúrò lápò ènìyàn, á sì sọ ọ́ ní pàtó: èjìká, ìdodo, ìdajì itan. Obìnrin ni wọ́n ń fi sí ibi tí wọ́n ti ń bá obìnrin sọ̀rọ̀, torí kò sí bí ọmọkùnrin ogún ọdún ṣe máa wí fún ìyá ẹni ogójì ọdún pé aṣọ rẹ̀ kúrú tí kò ní di ìjà. Wọn á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn á rọra sọ ọ́, wọn á sì ní ìborùn tàbí tíṣáàtì kan nílẹ̀ tí wọ́n lè yá a. Ìgbà tí kò bá gbà ni wọ́n á tó dá a padà.

Ìdílé tó rán ankó kò sì ní láti fi ankó sílé. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n lọ máa ń ya fọ́tò wọn tán lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí gèlè ṣì dúró, kí wọ́n tó lọ pààrọ̀ aṣọ. Báàgì kan fún aṣọ gbígbẹ, ọ̀rá dúdú kan fún èyí tó tutù, táwẹ́ẹ̀lì, sálúbàtà rọ́bà. Nínú gbogbo ìdílé, ẹnìkan máa ń wà tó ní òun ò gun nǹkan kan, òun ò sì wọ omi kankan. Abẹ́ igi ni wọ́n máa ń gbé àga sí fún un, wọn á ká agbádá lé e lẹ́sẹ̀, wọn á fi fìlà àti fóònù lé e, wọn á sì lọ.