Ẹja tó ń rùn, tí kò sì bàjẹ́

Bí wọ́n bá gbé chou guiyu síwájú ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bínú. "Chou" lédè Ṣáínà ni òórùn burúkú. Guiyu sì ni ẹja odò kan, ẹlẹ́nu gbàràmù, tí ara rẹ̀ ní àmì tóótòòtó, tí egungun rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn ará Huizhou ló ni oúnjẹ yìí. Ilẹ̀ olókè ni, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Anhui ní Ṣáínà. Láti ọdún 1987, Huangshan ni ìjọba ń pe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn oníṣòwò ń ru guiyu láti àwọn ìlú etí Odò Yangtze, bíi Guichi àti Tongling, wọ àárín òkè lọ. Kò sí mọ́tò, kò sí yìnyín. Ọjọ́ 7 tàbí 8 ni wọ́n ń fi rìn ín. Ìgbà tí ẹja máa fi délé, ó ti ń rùn. Wọ́n ní ẹnìkan tí kò fẹ́ kí owó òun ṣòfò ló dín in, ló sè é, làwọn èèyàn bá ń lá ọwọ́.

Èmi ò gba apá "ó ṣèèṣì" yẹn gbọ́. Ìtàn kan náà ló sọ pé inú àgbá onígi ni wọ́n ń to ẹja sí, ìpele lórí ìpele, tí wọ́n ń wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí ìkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń yí i padà lójú ọ̀nà. Ṣé ẹni tó ṣe gbogbo ìyẹn ni ẹja bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́? Ó mọ iyọ̀ lò ni. Àwọn ará Huizhou kúkú mọ iyọ̀: nígbà ìjọba Ming àti Qing, ìdílé ọba méjì tó ṣàkóso Ṣáínà láyé àtijọ́, wọ́n wà lára àwọn ọ̀gá oníṣòwò iyọ̀ ní ìlú Yangzhou.

Iyọ̀ díẹ̀ yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń fa omi kúrò lára ẹja, kò sì jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ba nǹkan jẹ́ ráyè. Àwọn tó fara da iyọ̀, tí wọ́n ń sọ nǹkan di kíkan, ló kù. Bí ẹran ara ẹja ṣe ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ iṣẹ́ yìí ni adùn ń jáde, òórùn náà sì ń bá a jáde. (Irú tiwa náà ń rùn, àmọ́ kòkòrò míì ló ń ṣe é, kì í sì í kan. Ẹ má fi ọgbọ́n irú ṣe ẹja.)

Lónìí, wọ́n ṣì ń fi òkúta tẹ ẹja náà mọ́ inú àgbá fún nǹkan bí ọjọ́ 6 tàbí 7, bí ojú ọjọ́ bá ṣe gbóná sí. Èyí tó dára, bí ẹ bá ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ibi tó fi ń mí ṣì pupa, ìpẹ́ rẹ̀ kò sì ṣí. Bó bá jinná, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun (chopsticks) tọ́ ọ: yóò ya ní ègé funfun kéékèèké tó le, bí ọmọ aáyù. Bó bá rí pẹ́tẹpẹ̀tẹ, ẹ dá a padà fún ẹni tó sè é.

Bí wọ́n ṣe ń sè é kò le. Wọ́n á dín in lápá méjèèjì, wọ́n á da ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti èéhù ọparun tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, pẹ̀lú atalẹ̀, ọtí ìrẹsì, soy sauce àti ṣúgà díẹ̀, wọ́n á wá fi iná jẹ́jẹ́ sè é títí omi rẹ̀ á fi ki. Òórùn yẹn máa ń rọlẹ̀ lórí iná, àmọ́ ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó gbé e kaná.