Ṣé Ajá Tó Gbọ́ràn Kò Lè Ṣọ́lé Mọ́?

Bí mo bá fa ajá mi jáde láàárọ̀, tó jókòó jẹ́jẹ́ kí ọlọ́kadà lè kọjá, ẹnìkan kì í ṣàì sọ pé: "Ẹ ti ba ajá yìí jẹ́. Ẹran ni olè máa fi fà á lọ." Ọ̀pọ̀ ló gbà pé inú kéèjì ló yẹ kí ajá gidi wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí àlejò má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì máa fi ata sóúnjẹ rẹ̀ kó lè burú.

Ata kì í fún ajá láyà. Ẹnu àti ikùn rẹ̀ ló ń ta, ajá tí ara sì ń ni lè bu ọmọ ilé jẹ kó tó kan olè.

Ti kéèjì ló dùn mí jù. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ajá máa ń mọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù àti èyí tí kò yẹ. Bí kò bá rí ọmọdé, agboòrùn, kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ìyá tó ru igbá nígbà náà, ó lè máa fi gbogbo wọn ṣe ọ̀tá tó bá dàgbà. (Bí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán, ẹ gbé e lọ́wọ́ jáde kó máa wòran.) Ìbẹ̀rù ni ọ̀pọ̀ fífò mọ́ géètì tí à ń pè ní ìgboyà. Ajá tó ń gbó gbogbo ẹni tó ń kọjá, ta ni yóò dìde tó bá gbó lóru? Tèmi kì í gbó lásán, nítorí náà tó bá gbó, gbogbo ilé ló ń jí.

Ní ti ẹran olè, a lè kọ́ ajá pé kó má gba oúnjẹ lọ́wọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n èyí tó gbọ́ràn nìkan ló ṣeé kọ́.

Àwọn ọdẹ wa mọ èyí tipẹ́. Àwọn ló ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bó ti wù kí ajá burú tó, bí kò bá padà nígbà tí wọ́n fọn fèrè, kí ni ọdẹ fẹ́ fi ṣe nínú igbó?

Torí náà, "wá" ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ, nínú ọgbà, pẹ̀lú okùn gígùn àti ẹran díẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá pẹ́ kó tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Lójú tirẹ̀, wíwá tó wá lẹ nà án fún.