Bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò Leo I, tó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Regulus

Ní oṣù Kẹta, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá alẹ́, ẹni tó bá dúró ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu tó gbójú sókè gan-an yóò rí ìràwọ̀ funfun kan tó ń tàn yòò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtàrí gangan ló wà. Regulus nìyẹn. Ní ọwọ́ àríwá rẹ̀, níbi tí kò jìnnà tó ìbú òṣùpá lójú ọ̀run, àgbájọ ìràwọ̀ (galaxy) kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń wo Regulus láti kékeré kò rí rí. Leo I ni wọ́n ń pè é. Aràrá ni láàárín àwọn àgbájọ ìràwọ̀: ó kéré, àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ sì fọ́nká. Ọdún 1950 ni wọ́n tó rí i, lórí gíláàsì fọ́tò tí wọ́n yà ní Palomar, ibùdó ìwòràwọ̀ kan ní California.

Ìmọ́lẹ̀ Regulus ń rin bíi ọdún 79 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ti Leo I ń rin bíi 820,000 ọdún. Síbẹ̀, jíjìnnà yẹn nìkan kọ́ ni wàhálà. Ká ní wọ́n lè kó ìmọ́lẹ̀ Leo I jọ sójú kan bíi ti ìràwọ̀ ni, tẹlisíkóòpù kékeré ì bá rí i láì làágùn. Ó tẹ́ sílẹ̀ ni, bí ife omi kan tí wọ́n dà sí gbogbo ilẹ̀ pálọ̀. Ojú ọ̀run náà kò sì dúdú tó bí a ṣe rò. Afẹ́fẹ́ òkè máa ń tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀, iná títì àti eruku ọyẹ́ tún ń fi kún un. Nínú oko tí kò sí iná kankan pàápàá, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ṣì fi díẹ̀ ju ti Leo I lọ. Láàárín ìlú ńlá, ó ju ìlọ́po 20 lọ. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń wá kò ju ibì kan tó fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ wò ó nínú tẹlisíkóòpù máa ń yan alẹ́ tí òṣùpá ò sí, á jókòó sínú òkùnkùn fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá ṣèèṣì tan fóònù wò, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á yí tẹlisíkóòpù títí Regulus á fi jáde lójú rẹ̀. Kò ní tẹjú mọ́ ibi tó ń wá; ẹ̀gbẹ́ ojú ni á fi wò ó, torí àárín ẹyinjú kò dáńgájíá nínú òkùnkùn. Nígbà mìíràn á fi ìka lu tẹlisíkóòpù jẹ́jẹ́, nítorí ohun bàìbàì tó bá ń mì máa ń tètè hàn ju èyí tó dúró lọ.

Kámẹ́rà ní sùúrù ju ojú lọ, àmọ́ ariwo wà nínú rẹ̀: àwọn hóró tó máa ń ta káàkiri inú fọ́tò tí wọ́n yà nínú òkùnkùn. Ó dà bí ìyá kan tó ń polówó ọ̀lẹ̀lẹ̀ lódìkejì ọjà. Tó bá ké lẹ́ẹ̀kan, ariwo ọjà á gbé e mì. Ṣùgbọ́n ariwo ọjà ń yí padà ṣáá, igbe tirẹ̀ ò yí. Bó bá ṣe ń tún un ké, bẹ́ẹ̀ ni etí á máa mú un. Fọ́tò 4 tí kọ̀ǹpútà pa pọ̀ máa ń sọ ariwo di ìdajì. 100 ló máa sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Fọ́tò oníṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ta 100 sì jẹ́ wákàtí 5. Ní gbogbo àkókò yẹn, mọ́tò kan ń yí tẹlisíkóòpù tẹ̀lé ìràwọ̀, torí ayé ń yí dìgírì 15 ní wákàtí kan.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni eruku. Hóró eruku kan lórí gíláàsì kámẹ́rà máa ń fi òjìji roboto sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà sì máa ń ṣókùnkùn ju àárín lọ. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń na aṣọ funfun bo ẹnu tẹlisíkóòpù ní ìdájí, tí wọ́n á ya fọ́tò aṣọ náà lásán, kí kọ̀ǹpútà lè fi mọ àbùkù tó yẹ kó mú kúrò. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí torí oorun ti ń kùn wọ́n. Leo I kì í dárí jì wọ́n.

Regulus tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń ta padà láàárín àwọn lẹ́ǹsì, á sì fi àbàwọ́n roboto kan sílẹ̀ tó jọ àgbájọ ìràwọ̀ gan-an. Wọ́n á sún Regulus lọ sí igun mìíràn nínú fọ́tò: àbàwọ́n á kúrò níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ náà, Leo I kò ní kúrò. Kọ̀ǹpútà náà lè ṣi ni lọ́nà. Tí wọ́n bá ní kó nu ìmọ́lẹ̀ ìlú kúrò, ó lè ka Leo I mọ́ ìmọ́lẹ̀ ìlú, kó nù ún dànù pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ sàmì sí ibẹ̀ pé kó má fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó bá ní sùúrù yìí lè rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Giuseppe Donatiello, ará Ítálì tó ń wo ìràwọ̀ nítorí ìfẹ́ tó ní sí i, fi lẹ́ǹsì tó fẹ̀ ní mílímítà 127 ya fọ́tò ní 2010 àti 2013. Ní 2016 ló ṣàkíyèsí nǹkan bàìbàì kan nínú wọn, lẹ́bàá Mirach, ìràwọ̀ mìíràn tó ń tàn yòò. Nítorí pé ó wà nínú fọ́tò ọdún méjèèjì, kò lè jẹ́ ariwo. Ó ṣì ku kí wọ́n mọ ohun tó jẹ́. Tẹlisíkóòpù Gran Telescopio Canarias ní erékùṣù La Palma, ní Sípéènì, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 10.4, ló wò ó débi tí ìràwọ̀ inú rẹ̀ fi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2018 ni wọ́n kéde pé àgbájọ ìràwọ̀ aràrá ni òun náà, wọ́n sì pè é ní Donatiello I.