Kì í ṣe gbogbo ibi tí “where” bá wà ni “is” gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gbà pé ibikíbi tí what, where, why tàbí how bá ti yọjú, ìbéèrè ti dé nìyẹn, àfi kí ọ̀rọ̀-ìṣe yáa ṣáájú olùwà. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń bí “I don't know where is he” àti “Tell me what is your name.” Àṣìṣe ni méjèèjì. Lójú tèmi, bí a ṣe ń kọ́ni ló fà á: ìbéèrè tààrà nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń bá pàdé, ló bá sọ ọ́ di òfin.

“Where is he?” jẹ́ ìbéèrè tààrà, ìdí nìyẹn tí is fi ṣáájú he. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè yẹn bá ti wọ inú gbólóhùn mìíràn, olùwà á padà sáyè rẹ̀: “I don't know where he is.” Do, does àti did náà á kúrò ńlẹ̀. “What does she want?” là ń béèrè, àmọ́ “I know what she wants” la ó kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo s tó wà lára does, ó ti bọ́ sára want. Ọ̀pọ̀ ló ń rántí yọ does tí wọ́n sì ń gbàgbé s yìí.

Yorùbá pàápàá mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀: “Níbo ló wà?” là ń béèrè, “Mi ò mọ ibi tó wà” là ń fèsì.

Àmì ìbéèrè ńkọ́? Odindi gbólóhùn ni kí ẹ wò. “Can you tell me where the station is?” gba àmì náà nítorí Can you tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “I wonder where the station is” kò gbà á.

Kódà nínú ìbéèrè tààrà, ètò kì í yí padà bí ọ̀rọ̀ ìbéèrè fúnra rẹ̀ bá jẹ́ olùwà. “Who called you?” ń wá ẹni tó pè, “Who did you call?” ń wá ẹni tí a pè. Bákan náà, “What happened?” ló tọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. “What did happen?” wà lóòótọ́, àmọ́ ìtẹnumọ́ ló wà fún, bí ìgbà tí a ti ń jiyàn lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan wá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.