Ọdún tí wọ́n kọ sínú fìlà kọ́ ni ọdún tí wọ́n ṣe é

Àbúrò kan mú fìlà aláwọ̀ eérú kan tí iléeṣẹ́ Borsalino ti Italy ṣe wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ẹ̀ dùn débi pé kò tíì jókòó tó ti ń ṣí páálí ẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, ẹ wò ó, 1900 ni wọ́n ṣe é, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀." Mo wo inú ẹ̀, lóòótọ́ 1900 wà níbẹ̀, àmọ́ "Grand Prix Paris 1900" ni wọ́n kọ, ìyẹn ẹ̀bùn tí iléeṣẹ́ yẹn gbà níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris lọ́dún náà, tí wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ sínú fìlà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀. Lójú tèmi o, fìlà yẹn ò dàgbà ju nǹkan bí 1950 lọ. Iye tó rà á, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún fìlà òyìnbó àtijọ́ ṣe, mo sì ń kó wọn jọ náà, àṣìṣe yìí ni mo sì ń rí jù. Ẹ fi ìrísí òde sílẹ̀ ná. Ẹ dojú fìlà dé, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò rọra ṣí awọ tó yí inú ẹ̀ po, èyí tó máa ń kan iwájú orí tó ń fa òógùn yẹn, ẹ máa sábà rí bébà funfun kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀, kò ju èékánná méjì lọ, nọ́ńbà ìwọ̀n orí ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ayédèrú gbá yín kì í sábà rántí ibẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka orúkọ ìlú àti orúkọ oyè. Tẹ́ ẹ bá rí "k.u.k." (lédè Jámánì, ti olú-ọba àti ti ọba) nínú fìlà Habig ti Vienna, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń ta fìlà fún ààfin ọba Austria nìyẹn, ìjọba yẹn sì tú ká ní 1918. Tẹ́ ẹ bá rí Hückel ti Neutitschein, iléeṣẹ́ fìlà tó ti wà láti 1799 ni, àmọ́ lẹ́yìn ogun ní 1945 ìjọba Czechoslovakia gbà á lọ́wọ́ wọn, Nový Jičín ni wọ́n ń pe ìlú náà báyìí, Tonak sì lorúkọ iléeṣẹ́ ibẹ̀.

Ti Borsalino gan-an dùn mọ́ mi jù torí ìjà ẹbí wà nínú ẹ̀. Giuseppe Borsalino dá a sílẹ̀ ní Alessandria ní 1857, lẹ́yìn tó ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Paris. Nígbà tí baba kú ní 1900, Teresio ọmọ ẹ̀ gba ipò, ìbátan ẹ̀ Giovanni Battista náà bá yà lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀ nílùú kan náà, ló bá ń kọ "fu Lazzaro" sínú fìlà, ìyẹn ni pé ọmọ olóògbé Lazzaro lòun. Àwọn Teresio náà bá ń kọ "Antica Casa", pé ilé àgbà ni tàwọn, gẹ́gẹ́ bí ìyá olónjẹ ṣe máa ń kọ "àwa gan-an ni original" sára ṣọ́ọ̀bù. Torí náà, ẹ má sọ pé fu Lazzaro jẹ́ ayédèrú o, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń kó fìlà jọ ló ń wá a lójú méjèèjì.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù lè wà nínú fìlà kó má jẹ́ àwọn ló ṣe é. Fìlà líle roboto tí wọ́n ń pè ní bowler yẹn, ṣọ́ọ̀bù Lock ní London ni Edward Coke ti ní kí wọ́n bá òun ṣe é ní 1849, fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹran ìgbẹ́ lórí ilẹ̀ ẹbí ẹ̀, àmọ́ Thomas àti William Bowler ló fọwọ́ ara wọn ṣe é. Coke ni Lock ṣì ń pè é títí dòní, ọ̀pọ̀ èèyàn tó kù ń pe orúkọ àwọn oníṣẹ́, ó sì tọ́ sí wọn.

Ṣẹ́láàkì, oje kòkòrò kan, ló ń mú kí bowler le. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọ̀kan sórí kẹ́tùlù tó ń hó kí n lè tún etí ẹ̀ ṣe, ló bá rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ lọ́wọ́ mi bí ewé ẹ̀fọ́. Ó ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Nǹkan tó tún wà nínú ooru yẹn ni mẹ́kúrì. Irun ehoro ni wọ́n ń tẹ̀ di felt, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi irun tẹ̀ mọ́ra, kì í sì í lẹ̀ mọ́ra dáadáa, láyé àtijọ́ wọ́n máa ń fi omi mẹ́kúrì pa á lára kó lè gbá ara mú, májèlé yẹn ló jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fìlà máa gbọ̀n. Nínú fìlà tó ti pẹ́ gan-an ó ṣì lè wà níbẹ̀, torí náà ẹ má gbé e sórí ooru nínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ tì, ẹ sì fọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án tán.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á látòkèèrè, ẹ béèrè ìwọ̀n ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. 7 ti Gẹ̀ẹ́sì, 57 ni, bẹ́ẹ̀ 7⅛ ni Amẹ́ríkà ń pe 57 kan náà.

Àbúrò yẹn bi mí bóyá kóun dá tòun padà. Mo ní kó kọ́kọ́ dé e ná. Fìlà náà bá orí ẹ̀ mu bí ẹni pé orí ẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ni àbúrò bá ká páálí mọ́ abíyá, ó dé fìlà ẹ̀ lọ.